Orí Òkè La Ti Ń Bi Ọkọ̀ Léèrè

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú epo tó yẹ kó máa rà sínú ọkọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò wa, ọ̀dọ̀ ọkọ mi ló ń wá. Kì í ṣe pé ọkọ̀ kì í ní ìwé tirẹ̀ o. Ó ní in. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ àdúgbò wa ti dàgbà, wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni wọ́n tipẹ́, ìwé wọn sì ti di ohun tí eku fi tẹ́ ìtẹ́. Nítorí náà, wọ́n á wa ọkọ̀ wá sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fọn fèrè pẹ̀ẹ́, wọ́n á ní, "Bàbá Ehoro, ẹ jọ̀ọ́, epo wo ni ká máa fún un mu?"

Àwọn oníbàárà náà ló sọ ọ́ ní Ehoro, nítorí etí. Mẹkáníìkì mìíràn á kọ́kọ́ tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Tèmi á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á gbé etí sí i, á ní kí ẹ pa ẹnu mọ́. Kó tó nu ọwọ́ tán, ó ti mọ̀ ọ́n.

Irú epo méjì ni wọ́n ń tà ní ilé epo oríta wa. A ń pe ọ̀kan ní epo pọ́ọ́kú, a ń pe ìkejì ní olówó gọbọi. Àwọn èèyàn sì ti gbà pé olówó gọbọi ni oògùn gbogbo àìsàn, àfi bíi pé ọkọ̀ náà á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọkọ mi á ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Kò sí èyí tó dára ju èkejì nínú wọn. Ẹ́ńjìnnì kan wà, bẹ́ ẹ bá fún un ní olówó gọbọi, ẹ kàn ń da owó sígbó ni. Òmíràn wà, bẹ́ ẹ bá fún un ní pọ́ọ́kú, ẹ ń pa á díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ bi òun fúnra rẹ̀ léèrè."

Orí òkè ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń bi í léèrè. Á fi ọkọ̀ sí jíà tó ga ju èyí tó yẹ lọ, á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọkọ̀ á máa mí hẹlẹ bí àgbàlagbà tó ru ẹrù. Á pa rédíò, á ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ dákẹ́. Bí epo inú rẹ̀ kò bá ní agbára tó, á máa gbiná nínú ẹ́ńjìnnì kí àsìkò rẹ̀ tó tó, ìyẹn á sì máa dún, ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, bí ìṣó wẹ́wẹ́ nínú agolo mílíìkì. Ohùn tín-ín-rín ni. Ariwo ẹ́ńjìnnì ló máa ń bò ó mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbọ́ ọ rárá. Bí òun bá gbọ́ ọ, á ní, "Olówó gọbọi." Bí kò bá gbọ́ ọ, á ní, "Pọ́ọ́kú. Ẹ fi ìyókù ra bàtà fún ọmọ yín."

Èmi náà mọ ohùn yẹn, òun ló kọ́ mi. Nígbà tó ń dẹnu ìfẹ́ kọ mi, àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń mú ọmọbìnrin lọ síbi tí wọ́n ti ń mu nǹkan tútù. Tèmi gbé mi sínú ọkọ̀, ó gun òkè, ó ní kí n panu mọ́ kí n gbọ́. Ẹ wo èèyàn! Mo kọ́kọ́ rò pé ìwàkiwà ló fẹ́ hù, mo ti di ilẹ̀kùn mú gírígírí. Ó ní, "Ṣé o gbọ́?" Mo ní kí ni kí n gbọ́? Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn ún, ó tún sọ̀ kalẹ̀, títí mo fi gbọ́. Ìgbà tí mo ní, "Bí ìṣó nínú agolo," ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo sọ nínú ara mi pé ọkùnrin tó lè gbọ́ ìráhùn mọ́tò báyìí, á gbọ́ tèmi náà. Mo fẹ́ ẹ. Mi ò kábàámọ̀.

Ọkọ̀ yẹn ṣì wà nílé wa títí dòní. Ìyáálé ni mo ń pè é, nítorí òun ni mo bá lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ. Ó wúwo, àwọ̀ ewé ni, ijókòó rẹ̀ ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Ìyáálé kì í fi ẹnu kan pọ́ọ́kú. Olówó gọbọi nìkan ló ń mu. Bí ọkọ mi bá mú mi bínú, mo máa ń ní, "Ẹ lọ sọ fún ìyáálé mi, òun lẹ jọ mọwọ́ ara yín." Òun á ní, "Ìyáálé rẹ kì í sọ̀rọ̀ tó báyìí." Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ìsọ̀ mi wà, níbi tí mo ti ń ta ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti bẹ́líìtì, nítorí náà a kì í sinmi àríyànjiyàn láàárín ọjọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wọlé tọ̀ mí wá, ó ń fi àkísà nu ọwọ́, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ìyàwó, wá gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Ìyáálé rẹ ti ronú pìwà dà."

"Kí ló tún ṣe?"

"Olówó gọbọi tán ní ilé epo, mo bá ra pọ́ọ́kú díẹ̀ sí i kí n lè délé. Mo gun òkè, kò sọ̀rọ̀ rárá. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Wá fi etí ara rẹ gbọ́."

Mo ti ìsọ̀, mo bọ́ sínú ọkọ̀. A ò tí ì dé àárín òkè tí Ìyáálé fi bẹ̀rẹ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Kò tiẹ̀ dún bí ìṣó inú agolo mọ́, àfi bíi pé ẹnìkan da odidi páálí ìṣó sórí páànù. Mo yíjú sí ọkọ mi kí a jọ rẹ́rìn-ín, nítorí mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Ó dojú kọ ọ̀nà, ó yí etí kan sí ẹ́ńjìnnì bó ti máa ń ṣe, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣé o gbọ́?" ó ní. "Dákẹ́ rọ́rọ́."

Ẹ gbà mí o! Mo wo ojú rẹ̀ bóyá màá rí ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹ̀fẹ̀ kankan. Ayọ̀ lásán ni, ayọ̀ ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ṣàìsàn títí tí ara rẹ̀ wá yá. Mo ní, "Mo gbọ́." Irọ́ kọ́ ni mo pa, mo gbọ́ lóòótọ́.

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ wá ń yé mi. A ní kẹ́tùlù kan tó máa ń súfèé bí omi bá hó. Ọkọ mi á jókòó tì í, á máa jẹ búrẹ́dì, kẹ́tùlù á súfèé títí omi á fi gbẹ, màá sì sáré wọlé, màá fi èébú bò ó. Òun á ní ẹnu kẹ́tùlù ló ti bàjẹ́. Ọmọ ọmọ wa náà wà, tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé ní ìlú mìíràn. Bó bá pè lórí fóònù, ohùn rẹ̀ á máa dún tín-tín, ọkọ mi á gbọ́ díẹ̀, á na fóònù sí mi, á ní, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọ́n ń jẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀." Tèmi ńkọ́? Ohùn tèmi nípọn bíi ti ọkùnrin, ìyá mi tiẹ̀ bẹ̀rù pé kò ní jẹ́ kí n rí ọkọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbọ́ mi. Ohùn tó nípọn ṣì ń wọlé sí i, ohùn tín-ín-rín ló ti lọ. Òòlù àti irin tó ti ń lù láti ìgbà èwe ló bù ú jẹ, díẹ̀díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò fura.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà lẹ́yìn àgbá ọ́ìlì. Kì í ṣe nítorí ọkọ̀. Ọkùnrin yìí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan, kò ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, etí yẹn ló ní. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ìgbéraga rẹ̀ wà níbẹ̀, òun ló sì fi rí èmi náà fẹ́. Bí mo bá sọ fún un pé kò sí níbẹ̀ mọ́, kí ni mo fẹ́ fún un dípò rẹ̀?

Ǹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má bá mi jà. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò jẹ́ kó mọ sórí Ìyáálé. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó ní á jẹ́ pé epo pọ́ọ́kú ìsinsìnyí ti dára ju ti àtijọ́ lọ ni. Ó wá ń pe àwọn oníbàárà tó ti ní kí wọ́n máa ra olówó gọbọi. Ó tún gbé ọkọ̀ wọn gun òkè, ọkọ̀ gbogbo wọn sì "dákẹ́ rọ́rọ́". Inú rẹ̀ ń dùn sí wọn, inú wọn ń dùn sí i. Ọ̀kan nínú wọn ni agbẹ̀bí tó ń gbé ìsàlẹ̀ òpópónà wa, obìnrin kan tó jẹ́ pé nígbàkígbà tí wọ́n bá pè é, á wọ inú ọkọ̀ funfun kékeré rẹ̀, á sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ti yí epo rẹ̀ padà, agbẹ̀bí kọjá níwájú ìsọ̀ mi, ó ń gun òkè. Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Irú ìró yẹn kì í pa ọkọ̀ lóòjọ́. Ńṣe ló máa ń jẹ irin inú ẹ́ńjìnnì, títí yóò fi dákú lójú ọ̀nà lọ́jọ́ tí èèyàn ò rò tẹ́lẹ̀. Aláboyún kan á sì wà níbìkan tó ń rọbí, tó ń retí ẹni tí kò ní dé. Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀sọ̀ kẹ̀? Èmi yìí? Mo dúró níwájú dígí, mo ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ra. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú..." Ó dún bíi pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan. Mo tún un sọ, ó dún bí ìkéde òkú. Nígbà tó yá, mo jáde, mo ní, "Dádì, ẹ gbé mi gun òkè."

Ó ní, "Nítorí kí ni?"

Mo ní, "Ṣé mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí kí ọkọ mi tó gbé mi jáde ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó mú kọ́kọ́rọ́.

Ìyáálé bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí mo ti mọ̀ pé á ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ọkọ mi wà lórí jíà. Mo gbé ọwọ́ mi lé e, mo wá ń fi ìka kan lu ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, bí ìró náà ti ń dún ni mò ń lù ú. Ó ní, "Kí lò ń ṣe, ìyàwó? Ìfẹ́ ọ̀sán gangan?" Mi ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, ìró náà dákẹ́, ìka mi dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́, mo tún ń lù ú. Ó gbé ẹsẹ̀, mo dáwọ́ dúró. Òun náà wá mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́, ó gbé ẹsẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó ń wo ìka mi. Mo rí i bí ẹ̀rín ṣe kúrò lójú rẹ̀. Ó dá ọkọ̀ dúró sí àárín òkè, ó fa búréèkì ọwọ́.

"Irọ́ ni," ó ní.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mo ní irọ́ ni! Èmi? Etí tèmi?" Ó pariwo mọ́ mi, ọkùnrin tí kì í pariwo. "Ìwọ tí mo kọ́ ní ohun tí wọ́n ń pè ní gbígbọ́!"

Mo ní, "Ẹ má gba tèmi gbọ́. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì."

Ó bọ́ sílẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Irin inú rẹ̀ tó gbóná jó o níka, kò tiẹ̀ ké yéè. Ó tú púlọ́ọ̀gì jáde, ó gbé e sójú oòrùn. Púlọ́ọ̀gì ló ń dá iná sí epo, nítorí náà ẹnu rẹ̀ funfun yẹn ni ẹlẹ́rìí ohun gbogbo tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Bí epo bá bá ọkọ̀ lára mu, ẹnu rẹ̀ á rí bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Ẹnu èyí rí tó-tò-tó, bíi pé wọ́n bu ata gígún wọ́n ọn, àwọn tó-tò-tó kan sì ń dán. Irin Ìyáálé fúnra rẹ̀ ló ń rún wẹ́wẹ́ yẹn. Ọkọ mi náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wò ó.

Etí ló lọ, ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ó wo púlọ́ọ̀gì náà pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó jókòó sórí bọ́ńpà.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí Ìyáálé ti ronú pìwà dà. Ó sì lè ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó ń yí púlọ́ọ̀gì náà nínú ọwọ́. Ó wá ní, "Ọmọ yẹn, bó bá ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ṣé ọ̀rọ̀ gidi ló máa ń sọ?"

"Ọ̀rọ̀ gidi ni."

"Kí ló máa ń sọ?"

Ǹ bá lè parọ́, ǹ bá pa á. Mo ní, "Ohun kan náà ló máa ń bi yín. Á ní, 'Bàbá Àgbà, kí ni Ìyáálé jẹ lónìí?'"

Ó ní, "Mo sì ń sọ pé ó ń jẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀." Ó wá bú sẹ́kún. Mi ò rí ẹkún rẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ̀. Mo jókòó tì í lórí bọ́ńpà, mo fa orí rẹ̀ mọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún gírísì ba aṣọ mi jẹ́. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo sọ ọ́ sókè, kó lè gbọ́.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó kàn ṣàdédé dìde. "Agbẹ̀bí!" ó ní. Ó dá púlọ́ọ̀gì padà, a sì rọra sọ̀ kalẹ̀.

A bá agbẹ̀bí lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi kò tiẹ̀ jókòó. Ó ní, "Ìyá, ohun tí mo sọ fún yín lórí epo yẹn kò tọ́. Ẹ padà sí olówó gọbọi lónìí yìí. Etí mi ti lọ."

Agbẹ̀bí wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Àní mò ń gbọ́ nǹkan kan tó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Mo wá sọ fún ara mi pé bí Bàbá Ehoro ò bá gbọ́ ọ, ta lèmi tí mo fẹ́ gbọ́?" Ọkọ mi tẹ orí ba. Agbẹ̀bí fi aṣọ sílẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Bàbá, dókítà etí wà ní ilé ìwòsàn wa. Lọ́la, èmi náà ni màá gbé yín lọ. Olówó gọbọi ni màá sì rà."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a lọ sọ́dọ̀ gbogbo àwọn tó kù tí ó ti yí epo wọn padà. Ohun kan náà ló ń sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ohun tí mo sọ kò tọ́, etí mi ti lọ. Àwọn kan bá a kẹ́dùn. Ọ̀kan pòṣé, ó ní òun á wá mẹkáníìkì mìíràn. Òmíràn ní, "Ehoro tí kò létí!" ó sì rẹ́rìn-ín. Mo ti fẹ́ fún un lésì, ọkọ mi ló fà mí lápá. Nígbà tí a délé, kò lè jẹun.

Dókítà ní ohun tó ti lọ kò ní padà, ṣùgbọ́n ó fún un ní ẹ̀rọ kékeré méjì tí wọ́n ń fi sétí. Bí a ti jáde, ọkọ mi dúró lábẹ́ igi kan, ó gbójú sókè.

"Kí ló ń dún yẹn?"

"Ẹyẹ ni, Dádì."

"Ṣé wọ́n ti ń ké látijọ́?"

"Wọn ò dákẹ́ rí."

Ọmọ ọmọ wa pè lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọkọ mi gba fóònù náà lọ́wọ́ mi kí n tó sọ̀rọ̀. Ó gbọ́, ó dijú, ó ní, "Olówó gọbọi ni, ọmọ mi. Ó mu ún yó." Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ títí agbára fi tán nínú fóònù mi.

Ẹ̀rọ náà dára fún ilé, ṣùgbọ́n kò dára fún orí òkè. Ọkọ mi ní gbogbo ariwo ló ń gbé wọlé pọ̀, kò mọ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí àgùntàn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí oníbàárà bá dé báyìí, a kọ́kọ́ máa ń sọ ọ́ fún un pé èmi ni màá gbọ́. Ọkọ mi á yọ ẹ̀rọ, á fi í sí àpò ẹ̀wù, á wakọ̀. Èmi á jókòó tì í, ìka mi á wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ á panu mọ́ lẹ́yìn. Bí mo bá lu ọwọ́ rẹ̀, òun náà ni á ní, "Olówó gọbọi." Ẹni tó ní òun á wá mẹkáníìkì mìíràn yẹn ti padà wá. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i fún ìgbà díẹ̀, kí n tó bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá parí, a máa ń gbé Ìyáálé gun òkè, àwa méjì péré. Olówó gọbọi ló kún inú rẹ̀, kì í dún ṣẹ́kẹ́ rárá. Síbẹ̀ ọkọ mi á yọ ẹ̀rọ etí, á gbé ọwọ́ sórí jíà, á máa retí. Mo máa ń gbé ọwọ́ mi lé e.

Á ní, "Ṣé o gbọ́ nǹkan?"

Màá mi orí pé rárá. Mi ò sì ní gbé ọwọ́ mi kúrò títí a ó fi délé.